Mọ́tọ̀ pọ́ǹpù hot tub eléré méjì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀: low ń yí, high kàn ń kùn

BabaIbeji_MD

Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi. Maryland ni mò ń gbé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ó ti di ọjọ́ mẹ́rin tí ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Nígbà tá a ra ilé tá a wà yìí, ẹni tó tà á fún wa fi hot tub kan (agbada ńlá tí wọ́n ń jókòó sínú omi gbígbóná ẹ̀) sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé, a ò tiẹ̀ kà á sí nǹkan kan, àfìgbà tí màmá mi dé láti Ìjẹ̀bú-Igbó tí orúnkún ń dà wọ́n láàmú. Ẹni tó ń bá wọn tọ́jú ẹsẹ̀ ní kí wọ́n máa wọ inú omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́, látìgbà yẹn, bílẹ̀ bá ti ń ṣú báyìí wọ́n á ti máa bi mí pé "ṣé omi yẹn ti gbóná?"

Oṣù tó kọjá ni pọ́ǹpù ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jò lábẹ́, lẹ́yìn ìyẹn ó wá ń dún bíi pé wọ́n ń lọ ata gbígbẹ lórí ọlọ, nígbà tó yá kò yí mọ́, bírékà kàn ń já. Mo tú u, mo rí i pé bẹ́ríǹ ti jẹ tán. Mo wá ra mọ́tọ̀ tuntun, mọ́tọ̀ nìkan o, mi ò ra iwájú ẹ̀ tí omi ń gbà. Ohun tí wọ́n kọ sára ti àtijọ́: 230V, 60Hz, 3450/1725 RPM, 12.0/4.4 amp, frame 56Y. Ti tuntun: 230V, 60Hz, 3450/1725 RPM, 12.0/4.0 amp, 56Y.

Wáyà mẹ́rin ló wà nínú okùn tó ń bọ̀ láti bọ́ọ̀dù tó ń darí hot tub: dúdú, pupa, funfun, aláwọ̀ ewé. Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe ni pé mi ò ya fọ́tò kí n tó yọ wọ́n, ìwé tó sì wà nínú ìdérí mọ́tọ̀ àtijọ́, omi ti jẹ ẹ́, kò ṣeé kà. Mo wá wo àwọ̀ àwọn wáyà tó ti inú mọ́tọ̀ tuntun jáde sórí terminal (ibi tí wọ́n ń so wáyà mọ́), mo fi àwọ̀ wá àwọ̀. Mo dá omi padà, mo tan iná, low yí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, inú mi dùn. Mo tẹ bọ́tìnì jets (ojú ihò tí omi ń ta jáde) lẹ́ẹ̀kejì kó bọ́ sí high, ó kàn kùn ùùùùù, kò yí, mo yára pa á. Mo tún dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i, bákan náà ni.

Ṣé mọ́tọ̀ tuntun yìí ni ò dáa ni àbí èmi ni mo so ó ṣì? Òtútù ìta ń lọ sí 22°F lóru, ẹ̀rù ń bà mí kí omi má lọ dì sínú páìpù.

Onina_Mushin

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú làálàá o, Ọlọ́run á fún màmá ní àlàáfíà. Mushin ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, mọ́tọ̀ là ń riwáyà láti àárọ̀ dalẹ́, pọ́ǹpù kànga, mọ́tọ̀ ẹ̀rọ ata, gbogbo ẹ̀. Mọ́tọ̀ tó bá ń kùn tí ò yí, ẹ pa iná kẹ́ ẹ fọwọ́ yí ọ̀pá ẹ̀ láti ẹ̀yìn, ṣé ó ń yí fúyẹ́ àbí ó há. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ wo kapásítọ̀, bó bá ti wú tàbí tó ń sun òróró, ó ti lọ nìyẹn. Bí méjèèjì bá dáa, a jẹ́ pé wáyà ni. Ẹ wo dúdú yẹn dáadáa, niútírà ni dúdú, pupa ni láìfù, ó lè jẹ́ pé ẹ fi niútírà síbi tí láìfù yẹ kó wà.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì ju mọ́tọ̀ àtijọ́ nù o. Bí kọ́ìlì ẹ̀ ò bá jó, bẹ́ríǹ méjì péré ló ń fẹ́, nọ́ńbà ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ríǹ fúnra ẹ̀, 6203 ló pọ̀ jù nínú irú mọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ pààrọ̀ ẹ̀ kẹ́ ẹ gbé e pa mọ́, ọjọ́ kan á jọ́jọ́ kan tẹ́ ẹ máa lò ó.

Ijesa_Sparky_TX

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ dúró ná. Baba Ìbejì, ẹ lọ pa bírékà hot tub yẹn báyìí báyìí, kẹ́ ẹ má tan án mọ́ títí ọ̀rọ̀ yìí á fi yanjú. Houston ni mo wà, iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe, mo ní láísẹ́ǹsì ẹ̀, hot tub tí mo ti tú kò lóǹkà.

Ọ̀gá Mushin, ẹ má bínú sà. Ohun tẹ́ ẹ sọ nípa ọ̀pá àti kapásítọ̀ dáa gan-an, àmọ́ ti àwọ̀ yẹn, ọ̀dọ̀ wa nílé ló ti jẹ́ òótọ́, torí pé wáyà àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ la jogún, pupa láìfù, dúdú niútírà. Ní Amẹ́ríkà níbí, dúdú gan-an ni láìfù, pupa náà láìfù ni, funfun ló sábà ń jẹ́ niútírà, aláwọ̀ ewé tàbí bàbà tí wọn ò fi rọ́bà bò ni éètì. Ẹni tó bá fi ojú Mushin wo wáyà Maryland, tó di dúdú mú pé niútírà ni, iná á gbé e. Mo ní láti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ torí pé kì í ṣe ẹnì kan ló máa ka ibí yìí.

Ẹ wá gbọ́ ibi tọ́rọ̀ tún ti yí padà. Láìfù méjì àti niútírà kan ló ń wọ ilé níbí. Ẹ fi mítà sáàárín láìfù kan àti niútírà, 120 volt lẹ máa rí. Ẹ fi sáàárín láìfù méjèèjì, 240. Mọ́tọ̀ yín, 230V ló kọ sára, ìyẹn ni pé láìfù méjèèjì ló ń lò, kò sóhun tó pa òun àti niútírà pọ̀. Funfun tó wà nínú okùn pọ́ǹpù yẹn, bó ṣe funfun tó un, láìfù ni! Nínú ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù, òun ni iná máa ń wà lórí ẹ̀ nígbà gbogbo, bí pọ́ǹpù ò tiẹ̀ ṣiṣẹ́. Mo mọ ẹni tí iná gbé torí pé ó rí wáyà funfun ó ní kò léwu.

Common ni wọ́n ń pe funfun yẹn. Bẹ́ ẹ bá tẹ low, bọ́ọ̀dù á gbé láìfù kejì sórí pupa, á gba inú kọ́ìlì low lọ bá common. Bẹ́ ẹ bá tẹ high, á yọ ọ́ lórí pupa, á gbé e sórí dúdú, á gba inú kọ́ìlì high. Inú mọ́tọ̀ kan náà ni kọ́ìlì méjèèjì wà o, ti high ní póòlù méjì, ti low ní mẹ́rin, ìdí nìyẹn tí ọ̀kan fi ń sáré 3450 tí èkejì ń sáré 1725. Iná ò gbọ́dọ̀ wà lórí pupa àti dúdú lẹ́ẹ̀kan náà láé, kọ́ìlì méjèèjì á máa bára wọn jà, mọ́tọ̀ á sì jó, relay (súìṣì oníná) inú bọ́ọ̀dù ló ń rí sí i pé kò ṣẹlẹ̀.

Pupa fún low, dúdú fún high, bẹ́ẹ̀ ló wọ́pọ̀, àmọ́ kì í ṣe òfin, mo ti bá hot tub tí wọ́n ti gbé e fúnra wọn pààdé. Àwọ̀ wáyà inú mọ́tọ̀ wá jẹ́ nǹkan míì pátápátá, ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́tọ̀ ló mọ ohun tó fi wọ́n pè, kò bá okùn yín sọ̀rọ̀ rí. Ibi tẹ́ ẹ ti fi àwọ̀ wá àwọ̀ ni mo fura sí.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe: bírékà á wà ní pípa. Ẹ fi mítà wò ó lórí bọ́ọ̀dù pé iná ti lọ lóòótọ́, láìfù sí láìfù, láìfù kọ̀ọ̀kan sí éètì, ẹ má gba ọwọ́ bírékà gbọ́ nìkan. Ẹ ya fọ́tò bó ṣe wà báyìí. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ yọ dúdú, pupa àti funfun kúrò lórí terminal, kẹ́ ẹ fi mítà ka ohm láàárín terminal mẹ́ta yẹn, méjì méjì. Kẹ́ ẹ tún kà á láti terminal kọ̀ọ̀kan sí ara irin mọ́tọ̀. Ẹ kọ gbogbo nọ́ńbà síbí. Bí ọkàn yín ò bá balẹ̀ láti ṣe é, ẹ pe ẹni tó ní láísẹ́ǹsì ládùúgbò yín, kò sóhun ìtìjú níbẹ̀.

Aunty_Croydon

Ẹ kú iṣẹ́ o gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ àwọ̀ yìí, àwa náà jẹ ẹ́ níyà níbí. Ní 2004 ni wọ́n gbé àwọ̀ tuntun dé UK, ó di dandan ní 2006, bíráùnù láìfù, búlúù niútírà, dúdú tó sì ń jẹ́ niútírà látijọ́ ti wá di láìfù níbi tí iná bá ti jẹ́ onífáàsì mẹ́ta. Ilé tí mò ń gbé ní àtijọ́ àti tuntun pọ̀ nínú ògiri kan náà. Ẹni tó wá ṣe iná wa kò so nǹkan kan títí tó fi fi téèpù funfun wé ìdí wáyà kọ̀ọ̀kan tó sì fi báírò kọ iṣẹ́ tó ń ṣe sí i. Baba Ìbejì, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ kọ COMMON, ẹ kọ LOW, ẹ kọ HIGH. Lọ́jọ́ tí ẹlòmíì bá tún tú u, kò ní máa méfò.

BabaIbeji_MD

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti pa bírékà látàná. Mo fi mítà wò ó, òdo ni gbogbo ẹ̀. Mo ṣí ìdérí ẹ̀yìn mọ́tọ̀, terminal mẹ́ta ló tò sísàlẹ̀, mo pè wọ́n ní A, B, C láti òkè wá. Bí mo ṣe so ó: funfun wà lórí A, pupa lórí B, dúdú lórí C, aláwọ̀ ewé wà lórí bóòtù éètì.

A sí B: 5.3 ohm
B sí C: 1.7 ohm
A sí C: 7.0 ohm
Láti èyíkéyìí nínú wọn sí ara irin, mítà ò kà nǹkan kan, OL ló ń kọ.

Àwòrán wà lẹ́yìn ìdérí o, ṣùgbọ́n lẹ́tà ẹ̀ kéré bí orí abẹ́rẹ́, mo máa fi fóònù yà á kí n fẹ̀ ẹ́ wò.

Ijesa_Sparky_TX

Àwọn nọ́ńbà yẹn dùn mọ́ mi nínú. Mọ́tọ̀ yín dáa, ẹ fọkàn balẹ̀.

Ẹ wò ó. 5.3 ẹ fi 1.7 kún un, 7.0. Ìyẹn ni pé láti A dé C, kọ́ìlì méjèèjì lẹ gbà kọjá. Méjì tó bá fún yín ní nọ́ńbà tó pọ̀ jù, èyí tí kò sí nínú wọn ni common. B ni common yín. Láti common, èyí tí ohm ẹ̀ kéré ni high, torí pé òun ló ń gba iná tó pọ̀, C nìyẹn. A tó kù ni low.

Ẹ̀yin wá gbé funfun sórí low, ẹ gbé pupa sórí common. Bẹ́ ẹ bá tẹ low, iná wà láàárín pupa àti funfun, ìyẹn B àti A, kọ́ìlì low náà ni, ẹ kàn dojú ẹ̀ kọ ẹ̀yìn, iná AC ò sì bìkítà èwo ló ṣáájú, ìdí tó fi yí jẹ́ẹ́ nìyẹn. Bẹ́ ẹ wá tẹ high, iná wà láàárín dúdú àti funfun, ìyẹn C àti A, ó di pé iná ń gba inú kọ́ìlì méjèèjì lọ́wọ́ kan náà, kò lágbára láti yí, ó ń kùn. Ká ní ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan ni, ọ̀rọ̀ míì là bá máa sọ.

Ẹ gbé funfun wá sórí B, ẹ gbé pupa lọ sórí A. Dúdú kó dúró síbi tó wà. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó ṣe é, ẹ ka àwòrán yẹn, ó gbọ́dọ̀ bá ohun tí mítà sọ mu. Bí wọ́n bá ta kora, ẹ dúró. Àwọn mọ́tọ̀ kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá dúró, súìṣì inú wọn máa ń so low mọ́ high kí wọ́n lè fi kọ́ìlì high gbéra, nọ́ńbà tí mítà máa kà lára irú wọn kò ní rí báyìí, àwòrán ló lè gba èèyàn lórí ìyẹn.

Ohun míì, ẹ má lọ wáyà mọ́ra wọn kẹ́ ẹ fi téèpù wé e o. Ẹ fi orí wáyà tuntun tó ń wọ terminal ṣinṣin sí i, kẹ́ ẹ fi ohun èlò ẹ̀ fún un pọ̀. Terminal tó bá dẹ̀ á máa gbóná, á sun rọ́bà wáyà títí yóò fi bíríìjì. Kẹ́ ẹ sì rí i pé ohun tó ń di okùn mú lẹ́nu ibi tó ti wọ mọ́tọ̀ wà níbẹ̀, kí okùn má fa terminal.

Onina_Mushin

Ẹ̀gbọ́n Houston, ó yé mi yékéyéké, mo dúpẹ́. Ẹnì kan gbé ẹ̀rọ tòkúnbọ̀ Amẹ́ríkà kan wá sọ́dọ̀ mi lọ́dún tó kọjá, a so ó bí a ṣe ń so tiwa, fíúùsì já lẹ́ẹ̀mẹta, a sì ń bú ẹ̀rọ. Mo ti wá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ báyìí.

Baba Ìbejì, mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kapásítọ̀ kún un kẹ́ ẹ tó tún kiwọ́ bọ ibẹ̀. Pé ẹ ti pa bírékà kò ní kí iná inú kapásítọ̀ lọ o. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, mọ́tọ̀ kan ti wà nílẹ̀ láti àárọ̀ tí kò síná lára ẹ̀, mo fi sukurudiráfà kan ẹnu kapásítọ̀ ẹ̀, ó dún gbàì bí ìbọn, ibi tó jẹ lẹ́nu sukurudiráfà yẹn dúdú títí dòní, mo ṣì ní in. Ká ní ìka mi ni ńkọ́. Lásìkò yìí gílóòbù oníná pupa àtijọ́ ni mo ń lò, mo so wáyà méjì mọ́ họ́dà ẹ̀, mo mú un níbi tí rọ́bà wà, mo fi kan ẹnu kapásítọ̀ méjèèjì fún bí ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, gílóòbù lè ṣẹ́jú pẹ́ẹ́, ó ti mu ún nìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn kẹ́ ẹ tún fi mítà kà á kó jẹ́ òdo. Àwọn mọ́tọ̀ míì ní kapásítọ̀ méjì, ti ìgbéra àti èyí tó ń bá a rìn, méjèèjì ni kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún.

MamaTola_ATL

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Mi ò mọ iná, èmi ò ní bọ́wọ́ kan wáyà, àmọ́ ní ti omi ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Baba Ìbejì, ṣé ẹ pààrọ̀ sílì (ohun tí kì í jẹ́ kí omi gba ìdí ọ̀pá wọ inú mọ́tọ̀)? Torí ẹ ní mọ́tọ̀ nìkan lẹ rà, ẹ sì ní ó kọ́kọ́ jò lábẹ́ kó tó máa dún. Kì í ṣe mọ́tọ̀ ló kọ́kọ́ bàjẹ́ o, sílì ni. Omi gba ibẹ̀ wọ inú bẹ́ríǹ, bẹ́ríǹ jẹ, mọ́tọ̀ há. Bẹ́ ẹ bá dá sílì àtijọ́ padà sórí mọ́tọ̀ tuntun, ohun tó pa ti àná náà ló máa pa tòní.

A ṣe tiwa lọ́nà tó yẹ lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́yìn tá a ti pàdánù mọ́tọ̀ kan tí ò lò tó oṣù mẹ́fà. Sílì yẹn apá méjì ni, ọ̀kan ní sípíríǹgì, èkejì jẹ́ òrùka funfun dídán bí tánganran, ojú méjèèjì ló máa ń fara kan ara wọn tí omi ò fi ń gbà. Ẹ má fọwọ́ kan ojú dídán yẹn. Òróró ara ọwọ́ lásán ti tó láti mú kó máa jò. Aṣọ mímọ́ ni kẹ́ ẹ fi dì í mú, omi ọṣẹ díẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi sí ara rọ́bà ẹ̀ kó lè wọlé, ẹ má fi gírísì o, gírísì máa ń ba rọ́bà míì jẹ́. Kẹ́ ẹ tó tú impeller (abẹ̀bẹ̀ tó ń ti omi lọ), ẹ di ọ̀pá mọ́tọ̀ mú láti ẹ̀yìn, ibẹ̀ ní ojú tí sípánà tàbí sukurudiráfà ń wọ̀, lẹ́yìn ìyẹn ẹ yí impeller sí apá òsì bí ìgbà téèyàn ń tú ìdérí ìgò, á jáde.

Sílì ò wọ́n rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tọ̀. Ẹ gbé mọ́tọ̀ àti iwájú ẹ̀ àtijọ́ lọ fún wọn wò ní ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n fún yín ní èyí tó bá a mu.

Bẹ́ ẹ bá sì da omi padà tán, ẹ má tan pọ́ǹpù láì tíì lé atẹ́gùn jáde. Ẹ tú nọ́ọ̀tù ńlá tó wà lókè pọ́ǹpù díẹ̀, ẹ máa gbọ́ ṣííí, bí omi bá ti ń jáde ẹ dè é padà. Pọ́ǹpù tó ń yí lórí atẹ́gùn, sílì tuntun lè jó kẹ́ ẹ tó mọ̀.

AraOke_NJ

Mo kan fẹ́ fi èyí kún un. Nígbà tí èmi náà pààrọ̀ tèmi, pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́ dáadáa àmọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú bíi mélòó kan GFCI (bírékà tó ń gé iná bó bá rí i pé iná ń jò) á já. Mo tú mọ́tọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lásán. Hítà ló ń fa á, irin inú ẹ̀ ti là, iná ń jò sínú omi. Bó bá dá yín lójú pé wáyà tọ̀nà tó sì ṣì ń já, ẹ pa bírékà, ẹ yọ hítà lára bọ́ọ̀dù, kẹ́ ẹ tún tan án. Bí kò bá já mọ́, ẹ ti rí i. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé kẹ́ ẹ yọ GFCI kẹ́ ẹ fi bírékà lásán síbẹ̀ o. Màmá wà nínú omi yẹn.

BabaIbeji_MD

Mama Tola, sílì àtijọ́ ni mo dá padà. Mo ti lọ ra tuntun lónìí. Òrùka funfun àtijọ́ yẹn, bí mo ṣe fi èékánná kàn án mo rí i pé ó ti ní ojú ọ̀nà yíká, bíi pé wọ́n fi ọ̀bẹ fà á.

Mo ti fẹ àwòrán wò lórí fóònù, ó bá ohun tí ẹ̀gbọ́n Houston sọ mu, àárín ni common, ìsàlẹ̀ ni high.

Ìbéèrè kan ló kù. Wáyà bàbà kan wà tí ò ní rọ́bà lára, ó nípọn, ó le, ó wà lẹ́yìn ara mọ́tọ̀ àtijọ́ lórí bóòtù kékeré kan. Mi ò rí ibi tó ń lọ nínú bọ́ọ̀dù, ó kàn wọ abẹ́ lọ. Éètì aláwọ̀ ewé wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo wá rò pé kò pọn dandan, mo tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣé kò burú?

Ijesa_Sparky_TX

Ó burú o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá a padà kẹ́nikẹ́ni tó wọ omi yẹn, màmá tàbí àwọn ìbejì.

Wáyà bàbà nọ́ńbà 8 nìyẹn. Iṣẹ́ ẹ̀ yàtọ̀ sí ti aláwọ̀ ewé. Aláwọ̀ ewé ń gbé iná tó bá já sára irin padà sí bọ́ọ̀dù kí bírékà lè gé e. Bàbà yẹn, gbogbo irin tó wà níbẹ̀ ló so pọ̀ mọ́ra wọn, ara mọ́tọ̀, ara hítà, àpótí bọ́ọ̀dù, kí volt wọn lè dọ́gba. Èèyàn tó wà nínú omi tó bá fọwọ́ kan irin kan, tí ẹsẹ̀ ẹ̀ sì wà nítòsí irin míì, bí volt irin méjèèjì bá yàtọ̀, inú ara ẹ̀ ni iná máa gbà kọjá, omi sì ti rin awọ ara gbingbin, kò ní agbára láti dènà ẹ̀. Iná kékeré tí ò ní ṣe nǹkan kan fún ẹni tó wọ bàtà lórí ilẹ̀ gbígbẹ lè pa ẹni tó wà nínú omi. Article 680 nínú ìwé òfin iná Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ omi àti iná nìkan ló wà níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ ọ́ gígùn.

Mọ́tọ̀ tuntun yín ní bóòtù kan náà níta ara ẹ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin nu ẹnu bàbà yẹn títí á fi pupa, ẹ ti i bọ̀ ọ́, ẹ dè é kó le. Ẹ fọwọ́ fà á, kò gbọ́dọ̀ mì.

Ẹ tún wo ibi tí bírékà ìta wà, ẹ gbọ́dọ̀ lè rí i láti ibi hot tub, kó sì jìnnà sí omi ó kéré tán ní ẹsẹ̀ bàtà 5, kí ẹni tó wà nínú omi má lè na ọwọ́ kàn án. Lórí òtútù, títí tẹ́ ẹ máa fi parí, ẹ jẹ́ kí pátákó ara ẹ̀ wà ní títì, kẹ́ ẹ fi ìdérí bo òkè. Bó bá máa ju ọjọ́ kan sí méjì lọ, ẹ kúkú fa gbogbo omi jáde, kẹ́ ẹ fi ẹ̀rọ tó ń fa omi àti ìdọ̀tí fa èyí tó ṣẹ́kù nínú páìpù.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ tan án: omi ti kún, fáàfù wà ní ṣíṣí, atẹ́gùn ti jáde, ìdérí mọ́tọ̀ ti padà síbi tó wà. Low ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí mítà tó ń gbá wáyà mú láti ìta yá, ẹ fi gbá pupa mú, kó wà ní nǹkan bí 4 amp. Ẹ bọ́ sí high, ẹ fi gbá dúdú mú, kó má ju 12 lọ. Amp ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́, ẹ má wo horsepower tí wọ́n kọ sára ẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ọjà.

Omo_Lekki

Ẹ dákun mo fẹ́ béèrè nǹkan tó fara jọ ọ́. Bọ̀dá mi fẹ́ fi hot tub tòkúnbọ̀ ránṣẹ́ sí mi láti Atlanta. Ṣé iná Nàìjíríà máa gbé e?

Ijesa_Sparky_TX

Àbúrò, volt ẹ̀ lè jọ ara wọn, àmọ́ tiwa nílé 50Hz ni, ti ibí 60Hz. Mọ́tọ̀ tí wọ́n ṣe fún 60 tó wá wà lórí 50 á máa yí díẹ̀díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, 3450 yẹn á di nǹkan bí 2850, omi ò ní ta dáadáa, mọ́tọ̀ á sì máa gbóná. Èyí tó tún burú ni pé ọ̀pọ̀ hot tub ibí ní àwọn nǹkan kéékèèké nínú, iná inú omi, pọ́ǹpù kékeré tó ń yí omi ká, tó jẹ́ pé 120 ni wọ́n ń lò láàárín láìfù kan àti niútírà. Nílé, láìfù sí niútírà 230 ni, wọ́n á jó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kí bọ̀dá ka ohun tó wà lára bọ́ọ̀dù kí wọ́n tó sanwó ọkọ̀ ojú omi. Bí kò bá kọ 50Hz síbẹ̀, kí wọ́n fi owó yẹn ra èyí tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù.

Onina_Mushin

Òótọ́ ni. Bó bá sì ti dé ná, ẹ gbé mọ́tọ̀ ẹ̀ wá, a lè riwáyà ẹ̀ fún 50Hz, àmọ́ bọ́ọ̀dù ni mi ò lè ṣèlérí ẹ̀.

BabaIbeji_MD

Ẹ̀yin ará, mo ti padà dé o. Ọjọ́ Sátidé ni mo ṣe é, èmi àti àbúrò ìyàwó mi tó ń fi tọ́ọ̀ṣì tàn án fún mi. Sílì tuntun ti wọlé, aṣọ funfun ni mo fi dì í mú látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Gílóòbù Ọ̀gá Mushin, mo rí ọ̀kan nínú gáréèjì, mo fi kan kapásítọ̀, ó ṣẹ́jú pẹ́ẹ́ lóòótọ́, mọ́tọ̀ tó ti wà láìsíná látọjọ́ Wẹsidé o! Mo fi mítà wò ó lẹ́yìn ìyẹn, òdo. Funfun wà lórí B, pupa lórí A, dúdú lórí C, mo fi téèpù wé ìdí wọn mo kọ orúkọ wọn sí i bí Aunty Croydon ṣe wí. Bàbà yẹn ti padà sórí bóòtù ẹ̀, mo fà á, kò mì. Mo pe ọ́fíìsì kaunti náà, wọ́n ní kí oníṣẹ́ iná tó ní láísẹ́ǹsì wá wò ó kí n tó lò ó, ó dé lọ́sàn-án ọjọ́ Sọ́ńdè, ó tú ìdérí ó yẹ gbogbo ẹ̀ wò, òun ló bá mi tan án.

Low, 3.9 amp. High, 11.3 amp, omi ta sókè lójú gbogbo jets. Mo dúró síbẹ̀ bíi pé mo ń wo ìràwọ̀.

Ó gba wákàtí púpọ̀ kí omi tó gbóná. 104°F ni òpin ibi tó lè dé, mi ò jẹ́ kó dé ibẹ̀, 99 ni mo fi sí fún màmá torí ìfúnpá wọn. Wọ́n wọ ọ́ lálẹ́ àná, mo jókòó tì wọ́n pẹ̀lú aṣọ ìnuwọ́ lọ́wọ́, yìnyín ń bọ́ díẹ̀díẹ̀ lórí ìdérí tá a ká sẹ́yìn. Wọ́n ní kí n bá wọn kí gbogbo yín, pàápàá ẹni tó sọ̀rọ̀ wáyà bàbà, wọ́n ṣàdúrà fún un títí ọwọ́ wọn fi hunjọ nínú omi.

Mo tẹ́ páálí gbígbẹ sábẹ́ pọ́ǹpù láti fi mọ̀ bóyá ó ń jò. Ó di àárọ̀ ọjọ́ kẹta lónìí, páálí ṣì gbẹ.